Ìdajì Tèmi, Ìdajì Tìrẹ

Iyọ̀ ni Mosúnmọ́lá ń wá. Ó ṣí kọ́bọ́ọ̀dù òkè, ata gbígbẹ àti irú ló bá níbẹ̀. Ó ṣí ti ìsàlẹ̀, èlùbọ́ àti ẹ̀wà ló kún un. Iṣu tó gbé ka iná ti ń hó, omi rẹ̀ sì ti ń fà lọ. Lẹ́yìn rẹ̀, Arábìnrin Ọ̀jẹ́wùmí, olùyẹ̀wò láti Iléeṣẹ́ Ìdajì, jókòó sórí àpótí, ó gbé wàláà dígí lé itan, ó ń wò ó.

"Ẹ má kánjú," ni olùyẹ̀wò náà wí. "Àsáró lásán ni. Ẹ̀gbà ọwọ́ yín sọ fún wa pé ẹ ti sè é nígbà mọ́kàndínlógún láàárín oṣù méje."

Mosúnmọ́lá wo ẹ̀gbà tó wà lọ́rùn ọwọ́ òsì rẹ̀. Ohun pẹlẹbẹ kan ni, kò nípọn ju èèpo ẹ̀pà lọ, iná ara rẹ̀ sì ń tàn ní àwọ̀ ewé, àwọ̀ ẹni tó pé ìdajì iṣẹ́ ilé rẹ̀. Ẹ̀gbà yìí mọ bí ọwọ́ ṣe ń bẹ iṣu yàtọ̀ sí bí ó ṣe ń fọ aṣọ. Ó mọ ẹni tó ń gbálẹ̀ lóòótọ́ àti ẹni tó kàn ń ju ọwọ́. Gbogbo ẹni tó bá ti ṣègbéyàwó ní ìlú Àgbọ̀nrìn-Odò ló ń wọ̀ ọ́. Lára ògiri ilé ìdáná, pátákó ilé gbé orúkọ àwọn méjèèjì sókè: Mosúnmọ́lá, iná ewé. Akínwándé, ọkọ rẹ̀, iná pupa.

"Màámi, kì í ṣe ibẹ̀ yẹn." Ìbídùn ni, ọmọ wọn tó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́fà. Ó ti yọjú lẹ́nu ọ̀nà. "Inú ìkòkò tó wà lójú fèrèsé ni bàámi ń kó iyọ̀ sí. Ṣé ẹ ò mọ̀ ni?"

Akínwándé, tó ti fara ti ògiri láti àárọ̀ bí ẹni tí wọ́n kàn mọ́ ibẹ̀, sáré di èjìká ọmọ náà mú. "Ìbídùn, lọ bá Ìyá Àgbà níta."

"Ṣùgbọ́n ẹ̀yin náà lẹ máa ń..."

"Mo ní kí o lọ."

Ọmọ náà lọ. Iṣu bẹ̀rẹ̀ sí í jó nídìí ìkòkò, òórùn rẹ̀ sì gba ilé kan.

Kì í ṣe pé Mosúnmọ́lá kò mọ̀ rárá. Ibi ìsédò ńlá tó ń fún ìlú lómi àti iná ló ti ń ṣiṣẹ́, òun ni igbákejì ọ̀gá àgbà níbẹ̀. Ní agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ló máa ń délé, ẹsẹ̀ rẹ̀ á ti wú nínú bàtà. Bó bá ti bọ́ ẹ̀gbà kó lè wẹ̀, Akínwándé á ní, "Gbé e wá kí n fi agbára sí i, iná rẹ̀ ti fẹ́ kú." Òun á sùn, tàbí kó tẹ́ àwòrán ìsédò sórí bẹ́ẹ̀dì kó máa yẹ̀ ẹ́ wò. Nígbà tó bá jáde, oúnjẹ á ti délẹ̀, aṣọ á ti gbẹ, wọ́n á ti di irun ọmọ. Ẹ̀gbà rẹ̀ á wà lórí tábìlì, á máa tàn bí ewé. Kò bèèrè rí. Ta ni oúnjẹ á dé iwájú rẹ̀, tí á máa bèèrè ẹni tó fẹ́ná?

"Arábìnrin," ni olùyẹ̀wò wí, ohùn rẹ̀ kò le, "ta ló ń wọ ẹ̀gbà yín?"

Ọ̀rọ̀ dé bèbè. Ní ọjọ́ Ajé tó ń bọ̀, wọn yóò fi Mosúnmọ́lá jẹ ọ̀gá àgbà ìsédò, obìnrin àkọ́kọ́ tí yóò dé ibẹ̀. Àádọ́ta wákàtí ni iṣẹ́ náà ń gbà lọ́sẹ̀, kò sì sí tọkọtaya kankan tí wọ́n ń gbà láyè láti ṣe tó bẹ́ẹ̀ níta àfi ẹni tí iná rẹ̀ ti jẹ́ ewé fún oṣù mẹ́fà gbáko. Bó bá ní òun ni, ó ti dé ipò. Ṣùgbọ́n iná pupa Akínwándé á wà níbẹ̀, wọn á kọ ọ́ sílẹ̀ pé ọ̀lẹ ọkọ ni, wọn á sì lẹ orúkọ rẹ̀ mọ́ ògiri gbọ̀ngàn ìlú. Ó wo ojú ọkọ rẹ̀. Ojú náà ń bẹ̀ ẹ́ pé: sọ pé ìwọ ni.

"Kì í ṣe èmi, mà," ni Mosúnmọ́lá wí. "Ọkọ mi ló ń wọ̀ ọ́. Mo mọ̀, mo sì ń ṣe bí ẹni tí kò mọ̀."

Arábìnrin Ọ̀jẹ́wùmí mí kanlẹ̀. "Ẹ kọ́kọ́ bá mi pa iná yẹn ná."

Ìdájọ́ kò pẹ́. Olùyẹ̀wò tẹ wàláà rẹ̀ nígbà mẹ́ta, iná ara ẹ̀gbà Mosúnmọ́lá sì yí padà lójú wọn, ó pọ́n bí ojú ẹni tó sunkún mọ́jú. Fún ọdún kan, òun àti Akínwándé kò gbọdọ̀ ṣe ju ọgbọ̀n wákàtí lọ níta lọ́sẹ̀. Méjìdínlọ́gbọ̀n ni kí kálukú wọn ṣe nínú ilé, ní ọwọ́ ara rẹ̀. Ipò ọ̀gá àgbà di ti Láńre Gbọ̀ngbọ́là, ọ̀dọ́kùnrin tí Mosúnmọ́lá fúnra rẹ̀ kọ́ níṣẹ́.

Nígbà tí olùyẹ̀wò dé ẹnu ọ̀nà, ó dúró. Ó rẹ ohùn sílẹ̀.

"Mo ti ń ṣe iṣẹ́ yìí fún ọdún mọ́kànlá. Àwọn ọkọ tó ń fi ẹ̀gbà sọ́wọ́ ìyàwó kó lè bá wọn ṣe é ni mo máa ń mú. Irú tiyín yìí, n kò rí i rí." Ó gún bàtà rẹ̀. "Tọkọtaya nìkan ni òfin yìí mú o. Àwọn tó ń gbé pọ̀ láìṣègbéyàwó, kò sẹ́ni tó ń bi wọ́n ní wákàtí. Ìwé ìtúká ìgbéyàwó kò gbà ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ. Ẹ má ní èmi ni mo sọ fún yín."

Bó ti lọ tán ni Akínwándé fọwọ́ gbá tábìlì. "Ta ló ní kí o sọ? Oṣù méje! Oṣù méje ni mo fi ń kọ iṣẹ́ ọwọ́ mi sí orúkọ rẹ kí o lè dé ibẹ̀!"

"Ta ló bẹ̀ ọ́? O ò bi mí! O kàn jókòó, o pín ayé mi àti tìẹ fúnra rẹ, o wá ń gbé e fún mi bí ẹ̀bùn. Kí ni mo fẹ́ sọ fún Ìbídùn nígbà tó bá ka orúkọ rẹ lára ògiri?"

"Èmi kì í ṣe ọ̀lẹ, ìyẹn ni mo mọ̀. Kí wọ́n kọ ohun tó bá wù wọ́n."

"Iṣẹ́ rẹ náà ńkọ́? Bí wọ́n bá pè ọ́ ní ọ̀lẹ, wọn á lé ọ níbi ẹyẹ irin."

Ẹyẹ irin ni wọ́n ń pe àwọn ẹ̀rọ kéékèèké tó ń fò lórí oko, tó ń fọ́n irúgbìn. Iléeṣẹ́ tó ń tò wọ́n ni Akínwándé wà. Ó rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà kò dé ojú rẹ̀.

"Iṣẹ́ wo? Ṣé o mọ ohun tí mò ń ṣe níbẹ̀? Ẹ̀rọ ń ṣiṣẹ́, èmi ń wo ẹ̀rọ, ẹ̀rọ mìíràn ń wò mí bóyá mò ń wò ó. Torí pé òfin ní gbogbo wa gbọ́dọ̀ ní iṣẹ́ ìta ni wọ́n ṣe gbé àga yẹn kalẹ̀ fún mi. Mosún, inú ilé yìí ni ara mi ti ń balẹ̀. Bí mo bá ń se ọbẹ̀, bí mo bá ń kọ́ ọmọ yìí ní ìṣirò, mo mọ̀ pé bí n kò bá sí níbẹ̀ nǹkan á yàtọ̀. Mo fẹ́ fi iṣẹ́ yẹn sílẹ̀ láti èṣín. Kò sí àyè tí wọ́n ń kọ irú ìyẹn sí nínú ìwé wọn."

Ẹnu ya Mosúnmọ́lá. Ọdún mẹ́sàn-án ni wọ́n ti fẹ́ra, kò gbọ́ eléyìí rí. Ó jókòó sórí àpótí tí olùyẹ̀wò dìde kúrò lórí rẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí olùyẹ̀wò sọ lẹ́nu ọ̀nà ń yí lórí rẹ̀ bí omi tó ń wá ihò.

"Nígbà náà," ló wí, "jẹ́ ká fọwọ́ sí i. Ìwé ìtúká. Orí ìwé lásán ni. A ṣì wà bí a ṣe wà. Ìwọ á dúró sílé bó ṣe wù ọ́, èmi á gba ipò mi padà kí Láńre tó jókòó tán síbẹ̀."

Ohùn mìíràn ló dáhùn, láti ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn. Ìyá Àgbà, ìyá Akínwándé, ti wọlé, ó di ọwọ́ Ìbídùn mú. Arúgbó ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́rin ni, àmọ́ ó ṣì ń rìn ṣánṣán.

"Mo gbọ́," ló wí. "Ìyàwó mi, jókòó dáadáa. Èmi náà gbélé rí. Ọdún méjìlélọ́gbọ̀n. Olùkọ́ ni mí kí n tó fẹ́ bàbá ẹni yìí, ó ní kí n fi iṣẹ́ sílẹ̀ kí ilé lè tòrò, mo sì fi í sílẹ̀. Ilé tòrò lóòótọ́. Ọjọ́ tó rí ẹlòmíràn, aṣọ mi ló kó síta. Nígbà tí mo dé ilé ẹjọ́, akọ̀wé bi mí ní iṣẹ́ mi. Mo ní ilé ni mò ń tọ́jú. Ó kọ ọ́ sílẹ̀ níṣojú mi: kò níṣẹ́." Ó yíjú sí ọmọ rẹ̀. "Àwọn irú mi ló lọ jókòó sórí afárá fún ọjọ́ márùn-ún títí wọ́n fi ṣe Òfin Ìdajì. Akínwándé, bí o bá fọwọ́ sí ìwé yẹn, èmi gan-an lo fẹ́ dà. Ilé yìí, tọkọtaya ni ìlú fi í fún. Bí ẹ kò bá jẹ́ tọkọtaya mọ́, orúkọ ẹni tó ní iṣẹ́ ńlá ni wọn á kọ sí i. Ìwọ á máa gbé lọ́dọ̀ rẹ̀ bí àlejò."

"Màámi, Mosún kì í ṣe bàbá mi."

"Bàbá rẹ náà kì í ṣe bàbá rẹ nígbà tí mo fẹ́ ẹ."

Akínwándé yíjú sí ìyàwó rẹ̀. "Bí o bá dé ibẹ̀ tán," ló bi í jẹ́jẹ́, "tí ọkàn rẹ yí padà lẹ́yìn ogún ọdún, kí ni yóò dì mí mú?"

Mosúnmọ́lá ya ẹnu láti sọ pé kò lè yí padà láé, ṣùgbọ́n ó rántí pé irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ni ẹnikẹ́ni á sọ. Bí ìjíròrò náà ṣe parí nìyẹn.

Ọ̀sẹ̀ méjì tó tẹ̀ lé e kò fara rọ. Ìwé ìtúká dé, ó ń bẹ lórí tábìlì láìsí ẹni tó fọwọ́ kàn án, wọ́n ń gbé àwo kọjá lórí rẹ̀. Akínwándé ń lọ jókòó síwájú ẹ̀rọ rẹ̀. Mosúnmọ́lá ń se oúnjẹ tí Ìbídùn ń fi omi gbé mì. Ó ń fọ àwo, á gbàgbé pé òun ti fọ̀ ọ́, á tún un fọ̀, ẹ̀gbà á sì kà á lẹ́ẹ̀mejì. Á dìde, á lọ sí ojú fèrèsé, á padà. Bí iná ilé bá ṣẹ́jú díẹ̀, á wo aago, á máa ṣírò lọ́kàn iye omi tó wà nínú ìsédò. Ọwọ́ ń bẹ nínú omi ọṣẹ, ọkàn ń bẹ lórí odò.

Ní Ọjọ́bọ̀ ọ̀sẹ̀ kejì, òjò tó bẹ̀rẹ̀ lókè odò láti ọjọ́ Ìṣẹ́gun kò tíì dá. Mosúnmọ́lá ti parí ọgbọ̀n wákàtí rẹ̀ níta fún ọ̀sẹ̀ yẹn. Ó ń gé ẹ̀fọ́ ní agogo mẹ́wàá òwúrọ̀, Akínwándé sì ń wọ bàtà láti lọ síbi iṣẹ́, nígbà tó gbọ́ ìró kan láti òkèèrè, ìró tó wúwo, tó ń fà gùn bí ìgbà tí màlúù bá ń mí. Ọ̀bẹ dúró lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ilẹ̀kùn omi kẹta ni wọ́n ṣí yẹn," ló wí. "Wọn kò tíì ṣí ti kejì. Ta ló ní kí wọ́n ṣí ẹ̀kẹta ṣáájú?"

Ẹ̀rọ etí rẹ̀ dún. Láńre ni, èémí ń fò lẹ́nu rẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n, ó há! Ó ṣí, kò padà mọ́! Kọ̀ǹpútà ní ó ti tì, ṣùgbọ́n mò ń wò ó lójú mi, ó ṣí sílẹ̀ gbayawu!"

"Yí i pẹ̀lú ọwọ́. Irin pupa tó wà lábẹ́ àtẹ̀gùn."

"A ti yí i, kò lọ. Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́. Àwọn ará ìsàlẹ̀ odò..."

Ogójì ilé ló wà nísàlẹ̀ odò. Mosúnmọ́lá mọ irin náà. Ó mọ̀ pé ọ̀tún ni èèyàn á kọ́kọ́ gbà díẹ̀ kó tó lọ sósì, kò sì sí nínú ìwé kankan, ọwọ́ nìkan ló mọ ibi tó yẹ kó dúró, kò ṣeé júwe lẹ́nu. Ó tún mọ̀ pé bí òun bá wọ ẹnu ọ̀nà ìsédò lónìí, wákàtí rẹ̀ á kọjá ààlà, wákàtí ilé rẹ̀ á sì dín. Ẹ̀ṣẹ̀ ẹlẹ́ẹ̀kejì láàárín oṣù kan. Ìgbìmọ̀ ìlú ni yóò gbọ́ ọ.

Akínwándé bọ́ bàtà tó ti wọ̀ lẹ́sẹ̀ kan. Ó gba ọ̀bẹ lọ́wọ́ rẹ̀.

"Máa lọ."

Mosúnmọ́lá ń bọ́ ẹ̀gbà rẹ̀. Akínwándé mi orí. "Má fún mi. Wọ̀ ọ́ lọ. Tèmi ni màá fi ṣe é. Kí wọ́n rí i bó ṣe rí."

Ó sáré jáde nínú òjò láìmú agboòrùn.

Wákàtí mẹ́rin ni ó lò níbẹ̀. Òun àti Láńre àti ọkùnrin méjì mìíràn so mọ́ irin náà, ọ̀tún díẹ̀, òsì púpọ̀, títí ilẹ̀kùn fi bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀kalẹ̀. Omi ti dé kókósẹ̀ nínú oko ẹ̀gẹ́ ìsàlẹ̀ odò, ó ti gbé adìyẹ àti àgbá mélòó kan lọ, ṣùgbọ́n kò wọ ilé ẹnikẹ́ni. Nígbà tó délé, oúnjẹ wà nílẹ̀. Lára pátákó, orúkọ àwọn méjèèjì pọ́n: òun nítorí pé kò sí nílé, Akínwándé nítorí pé kò lọ síta. Ìwé ìpè ìgbìmọ̀ ti dé ṣáájú rẹ̀.

Gbọ̀ngàn ìlú kún ní ọjọ́ Àbámẹ́ta náà. Àwọn ará ìsàlẹ̀ odò wá, àwọn ará iléeṣẹ́ ẹyẹ irin náà wá, torí ẹjọ́ tí wọ́n ti ń sọ ní gbogbo ojú pópó kì í ṣàì ní òǹwòran. Ẹni méje ló jókòó lórí pèpéle. Alága, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Ọ̀gbẹ́ni Adéṣìgbìn, ka ẹ̀sùn náà, ó sì bèèrè bóyá ẹnikẹ́ni ní ọ̀rọ̀ sọ.

Ìyá Àgbà dìde. Kò dúró kí wọ́n fún un ní ẹ̀rọ gbohùngbohùn.

"Èmi wà lára àwọn tó fi ara wọn ṣe òfin yìí," ló wí, "n kò sì kábàámọ̀ rẹ̀. Kí ẹni tó ń tọ́jú ilé má bàa di aláìnílé ni a ṣe ṣe é. Ẹ̀yin ọmọ wá lọ sọ ọ́ di òṣùwọ̀n, ẹ ń fi í wọn ẹsẹ̀ gbogbo èèyàn sínú bàtà kan. Ohun tí mo wá sọ kò gùn. Ẹ jẹ́ kí wọ́n pín iṣẹ́ wọn bó ṣe wù wọ́n, kí wọ́n wá síbí kí wọ́n sọ ọ́ ní gbangba. Ẹni tó bá ní ilé lòún fẹ́, ẹ kọ ìdajì ilé àti ìdajì ohun gbogbo mọ́ ọn lórúkọ lọ́jọ́ náà, kó má ṣeé gbà lọ́wọ́ rẹ̀ láé. Ibẹ̀ ni ìdajì yẹn yẹ kó wà."

Ariwo ta. Alága gbá tábìlì. Ó bi Mosúnmọ́lá bóyá ó fara mọ́ ọn, kí wọ́n kọ ìdajì ohun tó bá rí níbi iṣẹ́ títí ayé rẹ̀ mọ́ ọkọ rẹ̀ lórúkọ, ìbáà wù ú, ìbáà má wù ú lọ́jọ́ iwájú.

"Mo fara mọ́ ọn," ni Mosúnmọ́lá wí. "Òní ni kí ẹ kọ ọ́, kí n tó ní àǹfààní láti tún un rò."

Alága wá yíjú sí Akínwándé. "Ìwọ ńkọ́? Kò sẹ́ni tó lè bá ọ sọ eléyìí. Kí ni o fẹ́?"

Akínwándé dìde. Àwọn tí wọ́n jọ ń wo ẹ̀rọ wà lẹ́yìn rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ láti ìgbà èwe. Ó nu àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì mọ́ ṣòkòtò.

"Ilé ni mo fẹ́," ló wí.

Ẹ̀rín bẹ́ láti ẹ̀yìn. Ọkùnrin kan súfèé, òmíràn ní kí wọ́n bá a wá ìró àti gèlè. Ẹ̀rín náà gba gbọ̀ngàn kan, ó dé orí pèpéle pàápàá. Akínwándé kò jókòó, kò sì yíjú padà. Ó dúró títí ó fi rẹ̀ wọ́n.

Lẹ́yìn náà ló tún un sọ.